Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti gbó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lí oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá farabalẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí ó bá dàgbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òjòjò, ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a gbé e jù nù kí a sì ra òmíràn? Àwa wí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré rárá, nítorí ohun mẹ́ta tí ó ṣọ̀wọ́n li ó so mọ́ ọn: àpò ìlú, ìrántí ìlú, àti ilẹ̀ ìlú.

Kí a má fi ìbòjú sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn wa li èyí: kí àtúnṣe kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó gbìyànjú, kí ríra òmíràn kí ó jẹ́ ohun ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kí a ní òdiwọ̀n tí a ó fi mọ ìgbà tí àtúnṣe ti di àṣedànù. Ẹni tí kò ní òdiwọ̀n, bí ó bá tún ẹ̀rọ ṣe yóò kábàámọ̀, bí ó bá sì ra tuntun yóò kábàámọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé, lí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, èyí tí ó ti gbé jáde láti oṣù keje ọdún 2015. Windows yìí li ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ń bẹ ní ilẹ̀ wa. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa kó ìpayà bá ènìyàn. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ó rò pé ẹ̀rọ òun ti di òkú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá owó kiri. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ó ti tirẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn, kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáradára, kí ìkánjú má baà sọ owó wa nù.

Ilé li a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀júkù wa, ìlú Yàgbà, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà tí Ìsánlú jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kì í ṣe Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí ó dára, tàbí ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja, tàbí kí ó ránṣẹ́ sí ọmọ àti àbúrò ní Èkó àti Àbújá. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a ó fi rìn wà níbẹ̀, ewu ọ̀nà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iná mọ̀nàmọ́ná tí ń lọ tí ń bọ̀ a máa pa ẹ̀rọ lára. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ kò dúró sójú kan a máa fi kún un. Eruku ọyẹ́ a sì máa wọ inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ a máa tètè rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti ń rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é lọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe láàárín wa kò kéré. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ àwọn tí ó dá owó àti àwọn tí ó jẹ gbèsè, lẹ́tà sí ìjọba, ìtàn ìdílé àti ti oyè, gbogbo ohun tí àwọn baba wa fi gègé àti tàdáwà kọ sínú ìwé ńlá, inú kọ̀ǹpútà li àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kó o sí nísinsìnyí. Àwọn ọmọ wa pàápàá kò lè ṣe aláìmọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2015 li àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kíbọọ̀dù rí kí ó tó jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò dà bí ẹni tí a ní kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí odò.

Lọ́nà kìíní, ẹ jẹ́ kí a mọ àrùn kí a tó wá oògùn. Àwọn baba wa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọjọ́ orí li ó ń ṣe é. Háàdì dísìkì àtijọ́ ní àwo kan tí ń yí nínú rẹ̀ bí àwo orin, abẹ́rẹ́ kan a sì máa rìn káàkiri lórí àwo náà láti ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Ó ń falẹ̀ nípa ìṣẹ̀dá rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì jábọ́, a máa pa á lára. Èyí tí a ń pè ní SSD kò ní ohun kankan tí ń yí nínú rẹ̀. RAM ẹ̀wẹ̀ dà bí tábìlì tí akọ̀wé ń ṣiṣẹ́ lé lórí, dísìkì sì dà bí àpótí tí ìwé wà: bí tábìlì bá kéré, akọ̀wé yóò máa dìde lọ síbi àpótí ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ kò sì ní yá. Bí a bá fi SSD rọ́pò dísìkì àtijọ́, tí a sì fi kún RAM, ẹ̀rọ tí ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó jí lè jí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ béèrè, nítorí nínú àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ìgbàlódé kan, wọ́n ti jó RAM mọ́ ara mọ́dábọọ̀dù, kò sì ṣe é fi kún.

Ti bátìrì ńkọ́? Bátìrì lítíọ́mù tí ń bẹ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ní iye ọjọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti gba iná kún un tó 300 sí 500 ìgbà, agbára rẹ̀ a máa wálẹ̀ dé ìwọ̀n 80 nínú 100 ti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa wálẹ̀ síi. Èyí kì í ṣe àrùn ẹ̀rọ. Bátìrì dà bí bàtà, jíjẹ li ó ń jẹ. Ẹni tí bàtà rẹ̀ jẹ kì í torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Kí a pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ̀rọ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kìkì pé, bí bátìrì bá wú, tí ó ń ti kíbọọ̀dù sókè, kí a pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe gún un, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà sí ipò rẹ̀, kí a má sì ṣe sọ ọ́ sínú iná, nítorí ó lè gbiná kí ó sì jó ilé.

Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tí ó sì ń kú lójijì, ọ̀pọ̀ ìgbà eruku li ó dí fáànù rẹ̀; ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tú u, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò sì fi ọ̀dà ìgbóná tuntun sí orí ọpọlọ rẹ̀. Ihò ṣájà tí ó ti dẹ̀, kíbọọ̀dù tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ kan kò gbọ́ mọ́, ìdè ojú rẹ̀ tí ó ti já: àtúnṣe ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àrùn tí ó wúwo ni ti mọ́dábọọ̀dù tí ó jó, ti omi tí ó dà sínú ẹ̀rọ tí ó sì ti dípẹtà, àti ti ojú tí ó fọ́ lára ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.

Lọ́nà kejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òpin Windows 10 jẹ́ gan-an. Kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kú lí ọjọ́ náà. Ohun tí ó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe ààbò tí ilé iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti fi dí àwọn ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ilé tí a kò dí ihò ògiri rẹ̀ mọ́ kì í wó lí ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n bí ó pẹ́ bí ó yá, alángbá yóò rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n fi àyè ọdún kan kún un, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè RAM 4 GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64 GB, àti ẹ̀ṣọ́ kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí a ń pè ní TPM 2.0, kò sì gba ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017. Bẹ́ẹ̀ li ó ṣe rí tí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ yá fi di ẹni tí a kò gbà sílé mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà kì í ṣe ẹyọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kéde iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Linux lí ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, lí ọjọ́ 27 oṣù náà, li a dá Ìpínlẹ̀ Kogí wa sílẹ̀. Ọjọ́ orí wọn kò fi ọ̀sẹ̀ kan ju ara wọn lọ. Lí ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, gbé irú Linux kan jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú gúúsù sọ ọ́ ní Ubuntu, èyí tí í ṣe ìwà ọmọlúwàbí láàárín ènìyàn àti ẹnìkejì rẹ̀. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé kíkọ, ìṣirò, lẹ́tà àti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Àwọn irú rẹ̀ tí ó fúyẹ́, bí Xubuntu àti Linux Mint, a máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí Windows 11 ti kọ̀ sílẹ̀. Èyí tí ó sì dùn mọ́ wa jù ni pé ètò kíbọọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀, tí ènìyàn fi lè kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí àwọn orúkọ ìlú àti ti ìdílé wa má baà di kíkà-ṣì-kíkà. Kí a sọ òtítọ́ náà tán: àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọn kò ṣe é ṣe lórí Linux, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ Windows yóò sì ní láti kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n fún akọ̀wé tí ń kọ lẹ́tà àti ọmọ tí ń ka ìwé, ó tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Lọ́nà kẹta, ẹ jẹ́ kí a ka owó. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ tú okùn tí ó fi so náírà mọ́lẹ̀, lí ọdún 2024 dọ́là kan kọjá 1,500 náírà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó tó 300 dọ́là, tí ìbá jẹ́ 138,000 náírà nígbà ti ìṣáájú, di 450,000 náírà nígbà ti ìkẹyìn. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ gòkè láti 30,000 náírà dé 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Nígbà náà, ẹni tí ń gba owó tí ó kéré jù ní láti ṣiṣẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ kí ó tó lè rí owó ẹ̀rọ kan. Lẹ́yìn náà, ó ju oṣù mẹ́fà lọ. Òdiwọ̀n tí ó tọ́ kí ó tó di ọdún 2023 kò tọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wí pé ríra tuntun kò ná ni ní nǹkan, ìṣirò ọdún àtijọ́ li ó ń ṣe.

Kí a sì tún rántí pé èyí tí a ń pè ní òmíràn kì í sábà jẹ́ tuntun. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń rà ní Ìkẹjà, ní ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ọ̀tìgbà, jẹ́ ẹ̀rọ tí ará Europe tàbí ará Amẹ́ríkà ti lò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ ti ọdún mẹ́jọ nù lè lọ ra ti ọdún méje, kí ó sì máa pè é ní tuntun. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, o mọ àìsàn rẹ̀; èyí tí o fẹ́ rà, ìwọ kò mọ ohun tí ó pa á tì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí a bá sì gbọ́dọ̀ rà, kí a lọ pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀, kí a tàn án fún wákàtí kan, kí a wo bátìrì rẹ̀, kí a sì rí i pé ó gba Windows tí a ṣì ń tọ́jú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín ọdún kan kò ní pé tí a ó tún fi padà sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é tì sí apá kan. Wọn yóò wí pé àtúnṣe dà bí agbọ̀n tí a fi ń pọn omi: lónìí ihò ṣájà, lọ́la bátìrì, lọ́tùn-únla ojú, títí owó kékeré yóò fi di owó ńlá. Wọn yóò wí pé àwọn aláìṣòótọ́ kan wà tí wọ́n máa ń yọ ẹ̀yà rere kúrò nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n a sì fi àlòkù sí i. Wọn yóò wí pé ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ kò lè máa dúró de ẹ̀rọ tí ń sùn. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi wí pé kí a ní òdiwọ̀n. Èyí tí àwa fi sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ àti fún olúkúlùkù onílé li a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Bí owó àtúnṣe bá ju ìdajì owó ẹ̀rọ mìíràn tí ó jẹ́ irú rẹ̀ lọ, kí a má tún un ṣe mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tí ó sì jẹ́ pé àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí a jẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá jẹ́ mọ́dábọọ̀dù ni ó jó, kí a yọ dísìkì, RAM àti bátìrì tí ó ṣì dára kúrò lára rẹ̀ fún ìlò ẹ̀rọ mìíràn. Bí kò bá sì sí ètò tí a ṣì ń tọ́jú tí ó lè gbà, ìbáà ṣe Windows tàbí Linux, kí a má ṣe fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì tàbí owó ìlú, kí a má tilẹ̀ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a fi sílẹ̀ fún ọmọdé láti kọ́ títẹ̀wé. Níti àwọn aláìṣòótọ́, kí a gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣẹ́ méjì kí a tó tú ẹ̀rọ; kí a dúró tì í nígbà tí a ń tú u; kí a sì gba ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ padà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti dá a padà, kí a má tún gbé iṣẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ li ó kàn. Nígbà tí a bá gbé kọ̀ǹpútà jù nù, níbo li ó ń lọ? Òjé, mákúrì àti kádíámù wà nínú ara àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jó wọn nítorí bàbà tí ó wà nínú wáyà wọn, èéfín wọn jẹ́ májèlé, eérú wọn a sì máa wọ inú ilẹ̀ àti omi. Orílẹ̀-èdè wa ti tọ́ ìyà irú èyí wò. Lí ọdún 1988 li a rí i pé a ti kó májèlé tí ó ju 3,000 tọ́ọ̀nù lọ láti Itálì wá sí Kókò, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta nísinsìnyí. Ìbínú tí ó tẹ̀lé e ni ìjọba fi ṣe òfin lórí májèlé àlòkù lí ọdún náà gan-an, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àyíká. Síbẹ̀, ìwádìí tí a ṣe ní èbúté Èkó lí ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé ohun èlò oníná àlòkù tí ó tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù li ó ń wọlé lọ́dọọdún, tí èyí tí ó ju 15,000 tọ́ọ̀nù lọ nínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí a kò lè gbà kí àlejò ṣe sí ilẹ̀ wa, kò yẹ kí àwa fúnra wa fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Ní gbogbo ayé, ìdọ̀tí ohun èlò oníná tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lí ọdún 2022; ìwọ̀n 22.3 nínú 100 péré li àkọsílẹ̀ wà pé a kó jọ tí a sì tún lò bí ó ti yẹ. Agbogbloshie ní Accra, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó wáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Ghana tó tú u ká ní oṣù keje ọdún 2021, yẹ kí ó jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún wa. Ìjọba àpapọ̀ wa ti fi òfin lélẹ̀ lórí ohun èlò oníná láti ọdún 2011, lábẹ́ àjọ NESREA, ṣùgbọ́n òfin tí ó wà ní Àbújá kò lè ṣọ́ ààtàn tí ó wà ní Ẹ̀júkù. Oko iṣu wa àti odò tí a ń mu, àwa li a ó ṣọ́ wọn. Gbogbo ọdún tí a bá fi kún ẹ̀mí ẹ̀rọ kan, ọdún kan li a fi sún òkú rẹ̀ síwájú kúrò lórí ilẹ̀ wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé títún nǹkan ṣe jẹ́ ìwà òtòṣì. Àwọn baba wa a máa fi okùn rán igbá tí ó fọ́, alágbẹ̀dẹ a máa rọ ọkọ́ tí ó jẹ kí ó tún di tuntun. Àwọn ará Bùnú, ìbátan wa, hun aṣọ pupa tí à ń pè ní ìpo, èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn ìjòyè. Aṣọ tí a hun kí ó pẹ́ ni, ọlá rẹ̀ sì wà nínú pípẹ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ pàápàá ti ń padà sí ọgbọ́n yìí. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé ti ń béèrè pé kí a kọ máàkì sí ara kọ̀ǹpútà alágbèéká láti fi hàn bí ó ti rọrùn tó láti tún un ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Europe ṣe òfin tí ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ àtúnṣe lórí fóònù àti àwọn ohun èlò ilé. Bí àwọn tí wọ́n ní owó jù wá lọ bá ń tún tiwọn ṣe, ojú wo li àwa yóò fi máa wo ẹni tí ń tún tirẹ̀ ṣe ní Ẹ̀júkù?

Èyí tí ó kù ni ìrántí ìlú, òun li ó sì wúwo jùlọ. Ẹ̀rọ kú, a lè ra ẹ̀rọ. Ohùn àgbà tí ó sọ ìtàn ìlú ní èdè Yàgbà kí ó tó lọ sí ilé, tí kò sì sí níbòmíràn bí kò ṣe inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ọjà wo li a ó ti rà á? Ìwé ààlà ilẹ̀ àti ètò oyè tí akọ̀wé kan ṣoṣo mọ ibi tí ó wà, ta ni yóò jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ tí ìjà bá dé? Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè li a ti ń wò ó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ tí ìwé ìlú wà nínú rẹ̀ fún oníṣẹ́ kí ó tó da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Kí ẹ̀dà kí ó jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú dísìkì ọ̀tọ̀ tí a fi pamọ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ ìlú kan tí a fọkàn tán tí ó wà ní ìlú mìíràn. Èyí tí ó ṣe kókó jù, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí a sì fi í sí ọwọ́ àwọn àgbà. Bébà kò béèrè bátìrì. Bí a bá sì fẹ́ ta ẹ̀rọ tàbí fi tọrẹ, kí a pa ohun inú dísìkì rẹ́ pátápátá, tàbí kí a yọ dísìkì náà kúrò, kí àṣírí ìlú má baà di ọjà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta li a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Èkíní, kí ẹ rán ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, kí wọn sì padà wá ṣe é nílé. Owó ẹ̀rọ tuntun kan lè tó láti fi ra irin iṣẹ́ tí yóò gba ogún ẹ̀rọ là. Èkejì, kí ẹ yan ibi kan, àpótí ìtìpa tí ó ní òrùlé, tí a ó máa kó bátìrì àti òkú ẹ̀rọ sí, kí ẹ sì fi òfin de jíjó wọn ní ààtàn, títí a ó fi rí ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ fún àwọn tí wọ́n ní àṣẹ láti tú wọn palẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun, nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé, ẹ fi èyí tí ó ṣì lágbára ránṣẹ́, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ àti bátìrì rere. Ẹ̀bùn tí ó kú lójú ọ̀nà, ìsìnkú rẹ̀ li ẹ fi rán wa.

Ìlú tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe, tí ó sì mọ ohun tí ó yẹ kí a sin, òun li a ń pè ní ìlú ọlọ́gbọ́n. Kí Olódùmarè kí ó jẹ́ kí Ẹ̀júkù kí ó máa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ire o.